Ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ Kọ̀ fún Mi

Ìbéèrè kan ló ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í sì í ṣe ìbéèrè ńlá rárá. Ẹ̀gbọ́n tó máa ń wá gé pátákò ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin wa ló bi mí. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú Àṣàkẹ́ há àárín orúnkún rẹ̀, ó ń fi fáìlì ha á, òógùn ń kán tó tó tó níwájú orí rẹ̀, ló bá dáwọ́ dúró lójijì, kò tiẹ̀ wojú mi, ó ní, "Ṣé ẹṣin yìí ti kọ̀ fún ẹ rí?"

Kíá ni mo dáhùn. "Rárá o, ẹ̀gbọ́n, kò kọ nǹkan kan fún mi rí." Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi sọ ọ́, torí nígbà tí wọ́n fa abo ẹṣin yìí lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ojora ti pọ̀ jù lára rẹ̀, wọ́n ní ó ti já okùn mọ́ ẹni mẹ́ta lọ́wọ́, èmi ni mo wá mú un tó ń dúró jẹ́ẹ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n kàn ní "hẹn-ẹn," ó sì padà sídìí fáìlì rẹ̀.

Hẹn-ẹn yẹn ò kúrò létí mi mọ́. Mo gbé e délé, mo gbé e sùn, mo gbé e jí. Torí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wà lára ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn nígbà tó ń bi mí, ohun kan wà tí ẹsẹ̀ yẹn ń sọ fún un tí èmi tí mo di okùn mú níwájú ò gbọ́.

Fídíò tí mo pa ohùn rẹ̀

Mo ní fídíò kan lórí fóònù mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di Àṣàkẹ́ ní gàárì tí kò sá ni mo ya á. Ìṣẹ́jú 6 péré ni. Mo ti fi han ọ̀pọ̀ èèyàn, gbogbo wọn ló yìn mí, àǹtí kan tiẹ̀ ní ẹṣin náà ti rọ̀ bí òwú. Nígbà tí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wọ̀ mí lára tán, mo pa ohùn fídíò náà, torí ohùn tèmi ló kún inú rẹ̀, "o káre, o káre," mo wá ń wo ẹṣin nìkan.

Agbára káká ló fi ń ṣẹ́jú. Mo tún un wò, bákan náà ni. Awọ òkè ojú rẹ̀ kó jọ, ihò imú rẹ̀ fún, àgbọ̀n rẹ̀ le bí òkúta, etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sẹ́yìn síbi tí mo wà, wọn ò sì yí. Etí ẹṣin tí ara tù máa ń yí kiri ni, ọ̀kan á máa gbọ́ tibí, ọ̀kan á máa gbọ́ tọ̀hún. Fún odindi ìṣẹ́jú 6 Àṣàkẹ́ ò paarọ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò ju ìrù, kò lá ètè. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì wà lójú rẹ̀ látọjọ́ yẹn, èmi ni mi ò wo ojú.

Mo pe dókítà ẹran, mo ní kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó ṣe ohunkóhun mọ́. (Tẹ́ ẹ bá ní ẹṣin tó ń bẹ̀rù, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Eyín, ẹ̀yìn, ikùn, pátákò. Ẹṣin tí nǹkan ń dùn, tó bá ń jà, ó ń ṣàlàyé ni.) Dókítà ní kí n di gàárì mọ́ ọn bí mo ṣe máa ń ṣe, ó wá fi rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sẹ́yìn ìgbúnwọ́ rẹ̀ lápá òsì, ó ń wo aago. Àyà ẹṣin tó ń sinmi máa ń lù bí ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti Àṣàkẹ́ lé ní 70, lórí ìdúró, níbi tí kò ti gbé ẹsẹ̀, níbi tí gbogbo wa ti ń sọ pé ó ti balẹ̀. Dókítà tún gbé gàárì kúrò, ó fi ìka kan àmì funfun méjì tó wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀, irun funfun lórí awọ pupa, mo ti rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó ní ibi tí gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, pé irun tó bá hù lójú ibi tí nǹkan ti tẹ̀ pẹ́ máa ń funfun.

Gàárì tó ń dùn ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tàbí kí n sọ ọ́ dáadáa, ó ti sọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta tó já okùn mọ́ lọ́wọ́, wọ́n nà án, nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ tèmi kò sọ ọ́ mọ́.

Ẹranko tó bá ti sá títí, tó jà títí, tó rí i pé kò sí èyí tóun ṣe tó yí nǹkan kan padà, ó máa ń jáwọ́. Ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀ digbí, ìrètí ló tán. A máa ń wo ẹṣin bẹ́ẹ̀ ká ní ó ti gbọ́ràn. Ewu rẹ̀ sì ni pé ọjọ́ kan, nǹkan kékeré kan, ewé tó jábọ́, irin tó dún, á tú gbogbo ohun tó ti ń gbé mì síta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá ní ẹṣin yìí ò ní ìdí tó fi ya wèrè.

Ohun tí mo ti ṣì lóye

Mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní natural horsemanship láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á níbí náà mọ àwọn orúkọ yẹn, Tom Dorrance, Ray Hunt, àwọn daran-daran ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ pé kò yẹ kí wọ́n máa fi ipá fọ́ ẹṣin, pé kí èèyàn kọ́kọ́ wá bí nǹkan ṣe rí lójú ẹṣin fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tuntun. Xenophon, ọmọ ogun ará Gíríìsì kan, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin.

Àmọ́ ohun tí mo mú nínú ẹ̀kọ́ yẹn ni ọgbà róbótó. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹṣin máa sáré yípo, ẹ máa lé e, tó bá ti tẹ orí ba, tó ń lá ètè, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, á tẹ̀ lé yín. Monty Roberts, olùkọ́ ẹṣin ará Amẹ́ríkà kan, ló jẹ́ kó gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Mo ṣe é fún Àṣàkẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tẹ̀ lé mi, omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn, mo ní a ti di ọ̀rẹ́.

Ní ọdún 2012 àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Sydney, ní Ọsirélíà, gbé ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí sínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ náà ṣe gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe máa ń ṣe, tí ẹṣin bá yíjú sí i, ọkọ̀ á dúró, tí ẹṣin bá yíjú kúrò, ọkọ̀ á tún máa lé e. Àwọn ẹṣin náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń yíjú sí ọkọ̀. Mo jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Tí ẹṣin bá lè yíjú sí rọ́bà onítáyà mẹ́rin torí pé ìgbà tó bá yíjú sí i nìkan ni ìlékiri ń dúró, kí ló dá mi lójú pé èmi ni Àṣàkẹ́ ń tẹ̀ lé lọ́jọ́ yẹn? Ìsinmi ló ń wá. Mi ò sọ pé ọgbà róbótó burú, mo mọ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò tí wọn kì í jẹ́ kí ẹṣin kọjá ìrìn pẹ̀lẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ka àárẹ̀ sí ìfẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn

Mo wọ inú ọgbà láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ ṣì tutù, okùn orí tí a fi ń mú un wà ní èjìká mi. Mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn kan, pé lónìí mo máa béèrè ni, àti pé tí mo bá béèrè, mo gbọ́dọ̀ fara mọ́ ìdáhùn yòówù kó jẹ́.

Ó ń jẹ koríko níbi tó jìn sí mi tó ogún ìṣísẹ̀. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń lọ bá a tààrà ni, màá na ọwọ́ sí iwájú orí rẹ̀, àárín ojú méjèèjì níbi tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn láti fọwọ́ pa, mi ò ro ó pé ojú ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán, bí dígírì 350 nínú 360, pé ibi kékeré tí kò rí ni iwájú orí rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀. Ibi tí kò rí ni mo máa ń ti ọwọ́ mi bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo rìn ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́, mo ń wo èjìká rẹ̀, mi ò wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, etí rẹ̀ apá òsì fò pẹ́ẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dúró lórí koríko tó ń jẹ lọ́wọ́. Pẹ́ẹ́ yẹn náà ni. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, màá ti kọjá rẹ̀, màá ní ṣebí kò sá. Mo dúró. Mo fi ẹsẹ̀ méjì rìn sẹ́yìn. Etí yẹn tú, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo tún sún mọ́ ọn, ó tún di ibì kan, etí fò, mo tún padà. A ṣe é bẹ́ẹ̀ tí mi ò ka iye rẹ̀ mọ́, oòrùn ti yọ, títí mo fi dé ibi tí ọwọ́ mi lè kan èjìká rẹ̀. Mo na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i, ó gbóòórùn rẹ̀, èémí rẹ̀ gbóná lára ìka mi.

Mo wá gbé okùn orí sókè.

Orí rẹ̀ lọ sókè, ó yí ojú sí apá kejì, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan, ó dá a dúró lókè bí ẹni tó ń retí pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ó gbé e sílẹ̀, ó sì rìn kúrò lọ́dọ̀ mi. Kò sáré o. Ó rìn ni. Oṣù mẹ́rin tí a ti jọ wà, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọ̀ fún mi nìyẹn.

Inú mi gbóná, mi ò ní purọ́. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé tí mo bá jẹ́ kí èyí lọ báyìí, á mọ̀ pé òun lè borí mi. Ohun tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti kékeré nípa ẹran náà nìyẹn, má jẹ́ kó mọ̀, má jẹ́ kó mọ̀. Mo sì mọ̀ pé ó ń ka ojú mi. Ní ọdún 2016 àwọn kan ní Yunifásítì Sussex fi fọ́tò ojú èèyàn tó bínú àti èyí tó ń rẹ́rìn-ín han àwọn ẹṣin, ti ojú tó bínú yẹn ni àyà wọn yára lù sí. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, èmi sì ni ẹṣin iwájú lọ́jọ́ yẹn. Mo mí síta, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo rìn lọ síbi igi ọgbà, mo fara ti í.

Ó pẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ èémí kan tó jáde nímú rẹ̀, gígùn, bí ẹni tó sọ ẹrù. Mo yọ́ ojú wò ó. Ó ń lá ètè, ó ń jẹnu bí ẹni tó ní nǹkan lẹ́nu, ó wá yán, ẹnu rẹ̀ là gbàrà, àgbọ̀n rẹ̀ yí sápá kan, ó yán lẹ́ẹ̀kejì, ó yán lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tí ara ti há mọ́ láti oṣù mẹ́rin ló ń jáde. Tẹ́ ẹ bá ń retí kí n sọ pé ó wá gbé orí lé èjìká mi, kò wá. Ó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró, ó kọ etí méjèèjì síwájú, ó ń wò mí. Kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń ṣọ́ mi ni, lọ́jọ́ yẹn ó wò mí.

Mi ò so okùn mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn. Mo lọlé. Ọjọ́ kejì ó kọ̀, ọjọ́ kẹta ó kọ̀, ọjọ́ kẹrin òjò rọ̀. Ọjọ́ karùn-ún mo la okùn orí sílẹ̀ bí òrùka níwájú rẹ̀, mo dúró, òun fúnra rẹ̀ ló ti imú bọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ ló ń bọ̀

Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Nítorí ìgbéraga la fi máa ń pa òwe yẹn, àmọ́ mo ti mú un ní tààràtà báyìí, odindi oṣù méjì ni mi ò gun Àṣàkẹ́, orí ilẹ̀ la wà. Gbogbo iṣẹ́ náà kò sì ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ìgbà tí èèyàn ń jọ̀wọ́. Tí mo bá fa okùn díẹ̀ pé kó wá, ìṣẹ́jú àáyá tó bá ti ronú àtiwá, kódà kó má tíì gbé ẹsẹ̀, kó jẹ́ pé ara rẹ̀ kàn tẹ̀ síwájú, mo ti dẹ okùn. Fífà ò kọ́ ẹṣin ní nǹkan kan, dídẹ̀ ló ń kọ́ ọ, tí dídẹ̀ bá sì pẹ́, kò ní mọ ohun tó ṣe tó fi rí ìsinmi. Ọwọ́ mi lọ́ra gan-an níbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rá ló máa ń bà á lẹ́rù jù, ọ̀rá tó ń dún bí atẹ́gùn bá gbé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú un lọ bá ẹṣin, wọ́n á máa fi pa á lára títí á fi dúró, ẹ sì ti mọ irú ìdúró tí mo ń bá wí. Èmi so ó mọ́ orí ọ̀pá, mo sì ń gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Àṣàkẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, okùn dẹ̀ láàárín wa. Ohun tó ń sá fún un kì í bà á lẹ́rù. Lẹ́yìn bí i ogún ìṣẹ́jú ó ti ń yára kó lè gbóòórùn rẹ̀.

Ibì kan wà nídìí ọrùn ẹṣin, lókè èjìká, ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ máa ń fi eyín bá ara wọn họ. Ìwádìí kan tó jáde ní 1993 fi hàn pé tí èèyàn bá họ ọ́ níbẹ̀, àyà ẹṣin máa ń lọ sílẹ̀. Mo máa ń fi ìka họ ọ́ níbẹ̀, kì í ṣe kí n gbá a pẹ́pẹ́pẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Ètè òkè rẹ̀ á gùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí mo bá dáwọ́ dúró, á sún ara sí mi.

Mo fẹ́ sọ èyí dáadáa torí ẹnìkan ti bi mí: kíkọ̀ yàtọ̀ sí ìkọlù. Ẹranko tó lè wúwo tó 500 kílò ò gbọ́dọ̀ tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ ká ní ó ń sọ tinú rẹ̀. Àṣàkẹ́ mọ ààlà mi, màá gbé ọwọ́ sókè, màá dúró gbọn-in, á padà sẹ́yìn. Ó lè rìn kúrò lọ́dọ̀ mi nígbà tó bá fẹ́, kò lè gba orí mi kọjá. Ẹ̀rù rẹ̀ ò tún pọ̀ sí i nítorí èyí, ó jọ pé ó dín kù, torí ó ti mọ ibi tí nǹkan wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a ní ìdùbúlẹ̀. Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, àmọ́ oorun àsùnwọra, èyí tí wọ́n fi ń lálàá, àfi kó dùbúlẹ̀ kó tó rí i sùn, ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ kì í sì í dùbúlẹ̀. Ó na ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pútú pútú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, etí kan yí sí mi, ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó sì tún pa á dé.

Àbúrò mi

Àbúrò mi obìnrin kì í kọ nǹkan fún mi. Tí mo bá ní kó wá, á wá, tí mo bá ní báyìí la ṣe máa ṣe é, á ní ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa ń fi yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi, pé àwa méjèèjì ò jà rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan láàárín gbogbo èyí ni mo pè é lórí fóònù, mo sì bi í ní ìbéèrè ẹ̀gbọ́n, bó ṣe rí gan-an. Mo ní, "Ṣé o ti kọ̀ fún mi rí?"

Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo fóònù bóyá ó ti já. Ó wá ní, "Ṣé ẹ máa gbà ni?"

Mi ò rí nǹkan kan fi dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n ti ń pa á fún mi láti kékeré, mo sì gbà pé ẹ̀sọ̀ ni mo fi mú un, torí mi ò pariwo mọ́ ọn rí. Àmọ́ mi ò tíì padà sẹ́yìn fún un rí náà, mi ò gbé ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn nígbà tí etí rẹ̀ bá fò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun kan fún mi, ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ nínú gbogbo ohun tí mo ti ní kó ṣe. Ó ní òun máa ronú sí i. Kò tíì sọ ọ́, mi ò sì tíì tún béèrè.

Lánàá

Lánàá mo gbé Àṣàkẹ́ dé ẹnu ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹṣin. Mo ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ó gbóòórùn pákó tí wọ́n fi ń gùn ún, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé e, pákó náà dún, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀, ó ń wo inú ọkọ̀, ó tún yíjú wò mí. Okùn wà lọ́wọ́ mi, ó dẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Mo ní kò burú. Mo họ ọ́ nídìí ọrùn, a yí padà, a jọ rìn lọ síbi koríko, mo wá padà lọ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.